Ọwọ́ Kìnnìún

Jórinjórin lọkọ mi, Kìnnìún sì ni wọ́n ń pè é nínú ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tó fẹ́ fi ipò alága sílẹ̀, ẹgbẹ́ ní kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n gbé e kọ́ sí yàrá ìpàdé, níbi tí àwòrán àwọn alága mẹ́fà ti wà tẹ́lẹ̀. Mo ti rí àwọn mẹ́fà náà. Gbogbo wọn lejú koko, wọ́n gbé òòlù dání, àfi bí ẹni tí wọ́n jí ẹran rẹ̀ nínú ìkòkò. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń pa mí. Ṣé bí wọ́n ṣe ń lejú náà nìyẹn tí wọ́n bá ń wẹ ọmọ?

Ọmọ ọmọ wa obìnrin ni ayàwòrán náà. Ọkọ mi jókòó ní pálọ̀, ó fajú ro, ó fẹ àyà.

"Bàbá àgbà, ẹ mí, ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi ò ní mí nínú àwòrán tèmi!"

Ojú lọmọ náà kọ́kọ́ yà. Ó ní ọwọ́ di ọjọ́ Àìkú. "Ẹ fi ọwọ́ yín ṣe ohun tó bá wù yín, kí n ṣá rí bí iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́." Ọkọ mi rò pé ìdánrawò lásán ni, pé òòlù lọmọ náà yóò padà fi sí i lọ́wọ́. Ọjọ́ Àìkú sì lọjọ́ tó máa ń dirun mi.

Ẹ dákun, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ mi kán. Orí mi rí wúruwùru, mo ń sunkún. Kìnnìún mú òòyà, ó ní, "Ìlà ṣáà ni. Kí ni mo tún ń fà níbi iṣẹ́?" Láti ìgbà náà, a óò tilẹ̀kùn, a óò fa kọ́tìnnì, n óò máa kọrin:

*Irin gbóná, ẹ má fọwọ́ kàn án o,*
*Orí mi tutù, ọkọ mi ló dì í.*

Táwọn obìnrin àdúgbò bá bi mí, mo máa ń ní onídìrí mi kì í gba oníbàárà mìíràn.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ó dirun mi lójú ọmọ náà. Nígbà tọ́mọ ṣí àwòrán, ariwo ta. Ojú Kìnnìún lókè, ọwọ́ onídìrí nísàlẹ̀, orí funfun tèmi láàárín.

"Pa á rẹ́! Òòlù ni kó o fi sí i! Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e. Ṣé kí wọ́n máa pè mí ní Ìyá Onídìrí?"

Ọmọ náà ò bá a jiyàn. Ó ní kó gbé òòlù wá láàárọ̀ Sátidé.

Mo lọ bá aládùúgbò wa tí kò ríran dáadáa, mo ní kó bá mi dirun. Ìlà kìíní dorí kọ etí, ìkejì lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọ́n ń jà. Láàárọ̀ Sátidé, mo jókòó síwájú ọkọ mi, mo ń ká aṣọ.

Ó gbé òòlù. Ó wo orí mi. Ó mójú kúrò. Ó tún wò ó.

"Ta ló ṣe èyí? Ìlà yẹn wọ́!"

"Ẹ fi sílẹ̀ jàre, bàbá. Ṣebí iṣẹ́ obìnrin ni."

"Iṣẹ́ obìnrin kọ́, iṣẹ́ jákujàku ni!"

Òòlù balẹ̀ gbì. Ó mú òòyà, ó ń tú u, ó ń ráhùn. Kò tiẹ̀ rí i pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, táwọn ará ẹgbẹ́ mẹ́ta wọlé, igbákejì alága ló ṣáájú, tòun ti tubọ̀mu rẹ̀. Wọ́n wo àwòrán. Wọ́n wo ọkọ mi.

"Kìnnìún, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

Ìka ọkọ mi dúró lórí mi. Èmi náà ò mí mọ́. Nígbà tó yá, ìka náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Mò ń tún iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe. O ò rí bó ṣe wọ́ ni?"

Igbákejì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo orí mi bí ẹni tó ń yẹ géètì wò. "Lóòótọ́, ó wọ́." Ó wúkọ́. "Èmi ni mo máa ń gé èékánná fún ìyàwó mi. Mo máa ń kùn ún pẹ̀lú."

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ọwọ́ igbákejì ló ń wò.

Bí wọ́n ṣe ń gbé àwòrán náà jáde, ọkọ mi pariwo tẹ̀lé wọn: "Ẹ gbé e kọ́ kó tọ́ o!"

Mo dá orin sílẹ̀. Ó ní kí n yéé mi orí, ó ku ìlà méjì.