Ọdún Méjì Lára Ìbọn Kan

Igi ìbọn náà ti dúdú nítorí èéfín àjà, irin rẹ̀ sì ti dípẹtà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ń dun Fáyẹ́misí lára rẹ̀ bí nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sí i lápá òsì: 1916. Nọ́ńbà yìí ni ó fẹ́ sọ bàbá bàbá rẹ̀ di òpùrọ́.

Fákáyọ̀dé ni orúkọ bàbá náà. Nínú agbo ilé wọn ní Daagbé, kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé ó bá àwọn Faransé lọ sí ogun Hítílà, pé ìbọn tí ó fi jà ni ó sì gbé padà wálé. Ṣùgbọ́n ilé jóná nígbà kan, ìwé ológun rẹ̀ bá iná lọ, ìbọn nìkan ni ó ṣẹ́ kù. Nísinsìnyí tí àwọn ará Ifangni fẹ́ fín orúkọ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tí wọ́n lọ sí ogun sára ògiri ìrántí, ìbọn náà ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ilé wọn ní.

Ọ̀gá Anicet, olùkọ́ ìtàn àti èdè Yorùbá tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni olórí ìgbìmọ̀ tí ó ń yẹ ẹ̀rí ilé kọ̀ọ̀kan wò. Ó yí ìbọn síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó mi orí.

"Ìyá, a kì í fi ìfẹ́ kọ ìtàn," ni ó wí. "Ogun àkọ́kọ́ ni ó ni ọdún yìí. Ṣé wọ́n ti bí bàbá yín nígbà náà?"

Tàǹtí Ọ̀ṣuntọ́lá ni ó ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá Fáyẹ́misí, ọmọ kan ṣoṣo tí ó kù láyé nínú àwọn ọmọ Fákáyọ̀dé. Ọjọ́ orí rẹ̀ ń lọ sí ọgọ́rin. Kò tún bẹ Ọlọ́run fún ohun mìíràn ju kí orúkọ bàbá rẹ̀ wà lára ògiri náà kí òun tó sùn.

"Wọn kò tíì bí i," ni Tàǹtí dáhùn. "Ṣùgbọ́n ìkòkò tí mo fi ń se ọbẹ̀ dàgbà jù mí lọ, ọ̀gá. Ṣé n kò jẹun nínú rẹ̀ ni?"

Ọ̀gá Anicet rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ìkòkò kì í lọ sógun, Ìyá. Ọdẹ lè ra irú ìbọn yìí lọ́wọ́ oníṣòwò lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ fín sí ìdí igi rẹ̀: OLORUN TITUN. Ọlọ́run titun! Ọmọ ogun wo ni yóò kọ irú ọ̀rọ̀ òdì bẹ́ẹ̀ sára ìbọn ìjọba?"

Ojú Tàǹtí rọ̀. Fáyẹ́misí rí i, ọkàn rẹ̀ sì gbóná. Epo pupa ni ó ń fi alùpùpù kó kọjá ẹnubodè. Ó ti pẹ́ tí ó ti mọ ọ̀nà tí àwọn aṣọ́bodè ń gbà yẹ nǹkan wò.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni ó wí. "Alùpùpù mi ti gbó, ṣùgbọ́n mo ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ní ẹnubodè, wọn kì í ka nọ́ńbà kan ṣoṣo. Wọ́n á ka ti ara, wọ́n á sì ka ti ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin ti ka ti ara ìbọn. Ti ọ̀pá rẹ̀ tí ọta ń gbà jáde ńkọ́?"

Ọ̀gá Anicet fi ìka tẹ̀ lé igi ìbọn náà. "Igi ni ó bò ó," ni ó wí. Ó wá gbé fìlà rẹ̀ dé. "Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a lọ tú u."

Ilé iṣẹ́ Fadel, ajórin-mọ́rin, ni wọ́n lọ. Fadel kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn, ó fi epo rin àwọn ìdè rẹ̀, ó sì rọra ṣí igi kúrò. Lábẹ́ igi náà, irin kò dípẹtà rárá. Àmì kékeré kan wà níbẹ̀, nọ́ńbà méjì sì tẹ̀ lé e: 45.

"Ó lè jẹ́ iye lásán," ni Fadel wí.

Ọ̀gá Anicet ti wọ awò ojú rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá náà sí ẹ̀gbẹ́ ara ìbọn. "Àmì ilé ìrọbọn ìjọba ni èyí; irú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1916 náà. Ọdún ni, Fadel. Ẹ fi ọwọ́ pa ara ìbọn: ó ń dán, ó ń yọ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ pa ọ̀pá yìí: ojú ayùn ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tí ogun ń parí lọ, ta ni ó ráyè dán irin? Wọ́n fi ọ̀pá tuntun sí ìbọn ògbólógbòó kí ó lè tún ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1945, ọwọ́ àwọn ológun ni ìbọn yìí ṣì wà."

Fáyẹ́misí fẹ́ hó ìhó ayọ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ gbé ìka sókè. "Sùúrù. Ó sọ fún wa pé ìbọn jagunjagun ni. Kò tíì sọ jagunjagun wo."

Tàǹtí ti na ọwọ́, ó ń fi àtàǹpàkò pa irin náà. "Ọrùn tí bàbá mi ń wí nìyí," ni ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kì í pè é ní ọ̀pá. 'Ẹ má fi ọwọ́ kan ọrùn ìbọn mi,' bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pariwo mọ́ wa."

Ọ̀gá Anicet yíjú sí i bí ẹni tí kòkòrò ta. "Kí ni ẹ pè é, Ìyá? Ẹ tún un wí."

"Ọrùn. Ọrùn ìbọn. Ṣé etí yín dí ni?"

Ọ̀gá Anicet gbé ìdí ìbọn súnmọ́ ojú. Kò sí àmì ohùn kankan lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀, tí ó ti fi pàṣán kọ́ ọmọ ní àmì ohùn, ni ó fi ohùn tí kò sí níbẹ̀ ka ọ̀rọ̀. "Kì í ṣe Ọlọ́run," ni ó wí wẹ́rẹ́. "Ọlọ́rùn ni. Ọlọ́rùn Titun: ìbọn tí ó ní ọrùn titun. Ẹ̀yin ará ilé yìí, igi bo ọdún náà mọ́lẹ̀. Lójú òde, kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó fín èyí mọ̀, nítorí pé ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀."

"Bàbá mi ni," ni Tàǹtí wí.

"Bàbá yín ni. Ẹ foríjì mí, Ìyá."

"Mo ti foríjì yín. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ra awò ojú mìíràn."

Fadel rẹ́rìn-ín títí irinṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, Ọ̀gá Anicet ti ń sọ̀rọ̀ nípa ilé kan ní Tchaada àti òmíràn ní Ko-Koumolou tí òun ti kọ ẹ̀rí wọn lọ́nà kan náà. Ó ní òun yóò padà lọ bá wọn, òun yóò sì béèrè ohun tí àwọn àgbà ń pe nǹkan kí òun tó kà á.

Nígbà tí agbẹ́kùúta fín orúkọ Fákáyọ̀dé tán, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, Fáyẹ́misí mú Tàǹtí lọ síbẹ̀. Tàǹtí kò mọ̀wé. Fáyẹ́misí di ìka rẹ̀ mú, ó fi tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Eruku òkúta funfun kún èékánná ìyá àgbà náà.

"Ó gùn," ni Tàǹtí wí. "Bàbá mi sì kúrú."