Ìyá Àrá àti Rédíò Ọ̀nà Tóóró

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí Ọlọ́run fún ní ohùn, tó tún fi èènì lé e, Ìyá Àrá ni kí ẹ lọ bá. Nílé-iṣẹ́ tánkà omi, òun ló ń jókòó ti rédíò, tó ń rán àwọn dẹ́rẹ́bà níṣẹ́. Tó bá pe dẹ́rẹ́bà kan tó ń jẹ́ Jẹ́jẹ́, Jẹ́jẹ́ á gbọ́ nínú tánkà, àwọn tó ń gbálẹ̀ ní títì náà á gbọ́. Bó ṣe ń bú àwọn dẹ́rẹ́bà ló ń kẹ́ wọn, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹní fẹ́ràn ìyá.

Àfi bí ìjọba ṣe gbé òfin dé. Wọ́n ní rédíò àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń gbàyè jù nínú afẹ́fẹ́, bí ẹni tó dá jókòó sórí àga ẹni méjì. Kí kálukú sún díẹ̀, kí ẹlòmíì ráyè. Ni wọ́n bá tún gbogbo rédíò tò sí ọ̀nà tóóró. Ohùn Ìyá Àrá nìkan ni kò sẹ́ni tó rí i tún tò. Bó bá ti figbe ta, rédíò á gé ohùn ọ̀hún wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Omi ilé-ìwé ni wọ́n lọ já sílé alágbàfọ̀!

"Ìyá, ẹ rọra máa sọ̀rọ̀," ni oníṣẹ́ rédíò bẹ̀ ẹ́.

"Mo rọra náà nìyí!" Gíláàsì fèrèsé gbọ̀n.

Ọ̀gá fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé tí wọn ò bá gbọ́ ọ yékéyéké lọ́jọ́ Ajé, ẹlòmíì ni yóò bọ́ sórí àga náà. Ọ̀rọ̀ yìí dun Ìyá Àrá dé akínyẹmí ara.

Lọ́jọ́ Ajé, iṣẹ́ pàjáwìrì gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde, ló bá pọn ọmọọmọ rẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Ọmọ tó ti fi ẹkún pa á láti àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Ta ló máa jí irú ìyẹn? Ìyá Àrá fẹnu sún mọ́ rédíò.

"Jẹ́jẹ́, gbé omi lọ sílé ìwòsàn," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Jẹ́jẹ́ ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Irọ́ o! Ẹ ti lé Ìyá wa, àbí? Tánkà kankan ò ní kúrò lójú kan, àfi tí ẹ bá dá a padà!"

"Bẹ́ẹ̀ ni!" làwọn dẹ́rẹ́bà yòókù ń wí.

Ọ̀gá nawọ́ kí ó gba rédíò, Ìyá Àrá gbá ọwọ́ ọ̀hún dànù. Omijé ayọ̀ ti dé ojú rẹ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun tó báyìí.

"Jẹ́jẹ́ olórí kunkun," ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, "ṣebí ìwọ lo gbé omi lọ bá àwọn tí òjò ń pa lánàá? Ìgbín á ti dé ilé ìwòsàn kí o tó ṣíná."

Ẹ̀rín bú jáde nínú rédíò.

"Òun ni! Ìyá wa ni!"

"Ẹ jókòó yín, Ìyá," ni ọ̀gá wí, òun náà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ làga."

Ẹ́ńjìnnì tánkà dún. "Mo ti ń lọ, Ìyá," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń bú mi, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó mà dùn o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bú mi."