Ìdrís Mo-Ti-Wò-Ó

Ẹ jẹ́ n yáa sọ ọ́ kí inú tó tún bí mi. "Bá mi wò ó" ló fẹ́ ba ayé mi jẹ́, òun náà ló sì fẹ́ gba ìyàwó mọ́ mi lọ́wọ́.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan l'Ékòó. Láàárọ̀, màá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ipakodo. Nírọ̀lẹ́, màá padà sí yàrá tí mo háyà ní Lasunwon. Kí n tó bọ́ bàtà, wọ́n ti dé. Ẹni tí kò kí mi láti Iléyá á gbé kọ̀ǹpútà há abíyá: "Ìdrís, jọ̀ọ́, bá mi wò ó, kò lè pẹ́." Kò lè pẹ́, àbí? Ẹni tó da tíì sínú tiẹ̀, kò lè pẹ́. Ẹni tí aáyán bímọ sínú tiẹ̀, kò lè pẹ́! Tí mo bá tún un ṣe tán, àdúrà ló kù: "Ọlọ́run á bá ọ ṣe tìrẹ náà." Àmín o. Tèmi ni pé kí n sùn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Ìyá Tóyìn tí yàrá wa kọjú síra gbé tiẹ̀ dé bí mo ṣe ń bu òkèlè sẹ́nu.

"Ìdrís ọkọ mi, bá mi wò ó."

Inú bí mi dé góńgó. Mo fọwọ́, mo gba kọ̀ǹpútà. Mo wo iwájú. Mo yí i padà, mo wo ẹ̀yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀, mo mi orí bíi dókítà. Mo wá dá a padà fún un.

"Mo ti wò ó, mà."

"O ti wò ó? Kí ló wá ṣe é?"

"Ẹ ò ní kí n tún un ṣe. Ẹ ní kí n wò ó, mo sì ti wò ó. Ó rẹwà."

Ìyá Tóyìn gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ mọ́ àyà, ó padà sí yàrá ẹ̀. Èmi ti ilẹ̀kùn, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá gbé tiẹ̀ wá, màá wò ó, màá dá a padà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìdrís Mo-Ti-Wò-Ó. Kí ló kàn mí? Mò ń jó nínú yàrá ni! Mo ròyìn fún Sọ̀fíyàt, àfẹ́sọ́nà mi, òun náà rẹ́rìn-ín títí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tí mi ò rò ni pé Sọ̀fíyàt kì í fi nǹkan pamọ́ fún bàbá ẹ̀.

Àlhájì Bùsàrí, bàbá náà, ní kí n wá sílé òun ní Ijede, òun fẹ́ rí mi kí n tó kó ẹbí mi wá. Sọ̀fíyàt sì ti là á mọ́lẹ̀ fún mi: ẹni tí bàbá òun bá kọ̀, òun ò ní fẹ́ ẹ. Mo wọ aṣọ mi tó dáa jù lọ, mo débẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Àlhájì ò ní kí n dìde. Ó wo orí mi. Ó dìde, ó yí mi po, ó wo ẹ̀yìn mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó mi orí, ó padà lọ jókòó.

"Mo ti wò ọ́. O rẹwà. Ó dàbọ̀."

Mo gbé! Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo sì mọ ikọ́ Sọ̀fíyàt.

"Àlhájì, ẹ dákun, sà, ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni mo bá wá."

"Lọ́jọ́ tí ara ọmọ mi ò bá yá," Àlhájì ò rẹ́rìn-ín rárá, "tí wọ́n ní kí o wò ó, ṣé bí o ṣe máa wò ó nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Lórí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn náà ni mo ti fa fóònù yọ, mo pe Ìyá Tóyìn, mo gbé ohùn ẹ̀ síta kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ìdrís? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín wá nírọ̀lẹ́, mo fẹ́ tún un ṣe."

"Kí o tún un ṣe, àbí kí o tún wò ó?"

"Kí n tún un ṣe, mà. Mo fi Ọlọ́run búra!"

"Yéè! Ara rẹ ò yá! Ìdrís, ṣé kí n mú ti ẹ̀gbọ́n mi dání? Ti pásítọ̀ wa ńkọ́? Fáànù mi náà ò sì yí mọ́ o..."

Ẹ̀rín bú lẹ́yìn kọ́tìnnì. Gbàgà! Sọ̀fíyàt, kọ́tìnnì àti irin tí wọ́n fi gbé e kọ́ jọ ya wọ pálọ̀. Àlhájì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí ẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ìyá Tóyìn, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má gbé e wá lónìí. Ọmọ wa ò tíì jẹun."

Ọmọ wa! Ṣé ẹ gbọ́? Àgbọ̀n mi ṣì wà lórí ẹní, mi ò tilẹ̀ fẹ́ dìde mọ́.

"Dìde, jàre," ni Àlhájì wí, ó ń nu ojú. "Kọ́tìnnì mi ti já. Wá bá mi wò ó."

Mo fò dìde, mo béèrè ibi tí hámà wà.