Ojú Kọ̀ǹpútà Tó Ṣú ní Yàrá Káàdì

"Ẹ̀rọ yìí ti kú," dókítà wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti tàn án, ojú rẹ̀ ṣì ṣú bí ìdí ìkòkò.

Obìnrin tí gbogbo aláìsàn ń pè ní Ìyá Oníkáàdì kò dìde. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi tọ́jú àkọsílẹ̀ nílé ìwòsàn náà. Ọdún kejì rèé tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, onímọ̀ ẹ̀rọ, fi Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, sí kọ̀ǹpútà, tí gbogbo káàdì sì wọ inú rẹ̀. Aláboyún kan ń rọbí ní yàrá kejì. Oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kò gbà, òun fúnra rẹ̀ kò sì rántí orúkọ oògùn náà; inú káàdì rẹ̀ nìkan ló wà.

"Kò kú, Dókítà. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí. Ojú ló ń dùn ún."

Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. "Àná ni kọ̀ǹpútà gba kánẹ́ẹ̀lì tuntun. Látìgbà náà ni kò ti ríran."

"Kánẹ́ẹ̀lì lọkàn ẹ̀rọ, Màámi. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Màá wá lọ́túnla."

"Ṣé kí ẹni tó ń rọbí dúró dè ọ́ ni?"

Ó pa fóònù. Ó rò ó pé bí ọkàn tuntun kò bá mọ ojú ẹ̀rọ, èyí àtijọ́ tó mọ̀ ọ́n kò tíì kúrò nílé. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, ó ń tẹ bọ́tìnnì tó wà lókè pátápátá lọ́wọ́ òsì kíbọ́ọ̀dù. Ó pẹ́ jù kó tó tẹ̀ ẹ́. Òkùnkùn ni. Dókítà wo aago.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó yára. Àwọn ìlà funfun yọ: kánẹ́ẹ̀lì tuntun lókè, ti àtijọ́ nísàlẹ̀. Ó mú ti ìsàlẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà là.

Ó ka orúkọ oògùn náà ketekete. Dókítà ò dúpẹ́. Ó ti sáré lọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá àti ọmọ tuntun ti ń sùn, Ìyá Oníkáàdì sì ti wá ohun tí kánẹ́ẹ̀lì tuntun fi ń mọ ojú ẹ̀rọ, ó ti fi sí i. Ọmọ rẹ̀ pè.

"Mi ò dúró dọ̀túnla mọ́, mò ń bọ̀ lọ́la, Màámi."

"Wá kí mi ni o. Kọ̀ǹpútà ti ń ríran."

Ó sọ bó ṣe ṣe é.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Mo fẹ́ gbé ohùn fóònù mi sókè kí àwọn ará ọ́fíìsì wa gbọ́ ọ."

Ìyá Oníkáàdì na ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa lórí àga. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.