Ìbọn Orí Fíríìjì

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní ọdún 2016, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, Nadine ìyàwó mi kú. Ọdún méjìdínlógójì la fi gbé pọ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ nínú orí rẹ̀. Mo wọlé, mo gbé ìbọn ìléwọ́ mi sí orí fíríìjì gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe, mo yíjú padà, mo sì rí i nílẹ̀. Ẹ̀wà ṣì ń hó lórí iná. Dókítà ní kò jẹ ìrora. Mo gbà á gbọ́, torí pé mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbé oúnjẹ wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, nínú àwo gíláàsì tí wọ́n lẹ orúkọ wọn mọ́ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n dáwọ́ dúró, ilé sì dákẹ́.

Ó yẹ kí n sọ irú iṣẹ́ tí àwa méjèèjì ń ṣe. Èmi ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé mo máa ń kọ́ àwọn tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti gbé ìbọn ìléwọ́ sábẹ́ aṣọ. Inú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ilé ìtajà oúnjẹ ẹran ọ̀sìn la ti ń ka òfin, a ó sì jáde lọ yìnbọn ní pápá. Mo ti ń ṣe é láti ogún ọdún. Nadine ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Yàrá 208, ní yunifásítì kékeré tó wà ní ìlú wa, Harlan Wells. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìwé kọ dáadáa ló ń wá bá a níbẹ̀. Á ka iṣẹ́ wọn níṣojú wọn, á sì sọ òótọ́ fún wọn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, ìjọba ìpínlẹ̀ ní ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ lè máa gbé ìbọn rẹ̀ wọ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láyè láti yọ àwọn ibi díẹ̀ sílẹ̀ tí ìbọn kò ní wọ̀. Ìgbìmọ̀ yunifásítì tiwa kọ orúkọ ibi tí wọ́n fẹ́ yọ: ibi tí wọ́n ń tọ́jú ọmọdé, yàrá tí gáàsì wà, ọ́fíìsì àwọn agbaninímọ̀ràn. Yàrá 208 kò sí níbẹ̀. Nadine kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta. A máa ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ àárọ̀.

"Royce, yàrá kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ wọ́n."

"Tí wọ́n bá fún ẹ ní kan, ẹlòmíì á béèrè méjì."

"Ṣé èmi ni ẹlòmíì ni?"

"Àwọn tí mo kọ́ kì í ṣe jàǹdùkú, Nadine."

"Mo mọ̀. Ìwọ lo kọ́ wọn. Mu kọfí ẹ kó tó tutù, ọ̀gá olùkọ́."

Bí a ṣe ń jà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó borí rí, kò sì sẹ́ni tó tìtorí rẹ̀ lọ sùn sí yàrá àlejò.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kejì, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Marisela Ornelas kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́, ó sì ń ran Nadine lọ́wọ́ ní Yàrá 208. Ó gbé páálí kan dání.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Haskew. Ẹrù Mísìs Haskew ni mo kó wá."

"Gbé e sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, sà."

"Irọ́ ni. Jókòó. Oúnjẹ tó wà nínú fíríìjì yìí tó bọ́ ẹgbẹ́ akọrin."

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó sì jẹun bí ẹni tí kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àná. Nígbà tó jẹun tán, ó yọ àpòòwé ńlá kan nínú páálí náà, ó fi lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ lé e lórí.

"Ìgbìmọ̀ máa jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ aráàlú ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí. Mísìs Haskew ti forúkọ sílẹ̀. Àwọn ni nọ́ńbà kẹrìnlá. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ló wà nínú àpòòwé yẹn."

"Ó ti kú, ọmọ mi."

"Ìgbìmọ̀ ní ẹbí lè kà á, sà."

"Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa kún ibẹ̀. Ṣé o mọ orúkọ tí wọ́n máa pè mí?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ tí Mísìs Haskew máa pè yín tẹ́ ò bá lọ."

Mo wò ó. Kò gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ ẹni tó kọ́ ọ nírú ìyẹn.

Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí Yàrá 208, Mísìs Haskew ní iṣẹ́ mi ò dáa. Mo sọ ìsọkúsọ sí wọn, mo lu tábìlì wọn. Wọ́n ní kí n jókòó padà, pé ìpínrọ̀ kejì ló kàn. Ká ní wọ́n bẹ̀rù mi lọ́jọ́ yẹn ni, wọn ì bá ti sọ fún mi pé ó dáa. Èmi ì bá má sí nílé ẹ̀kọ́ mọ́ lónìí. Tí ìgbìmọ̀ ò bá yọ yàrá yẹn sílẹ̀, ta ló máa jókòó síbẹ̀ kó sọ òótọ́ fáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn?"

Mo ní mo ti gbọ́. Mo bu oúnjẹ sínú ike fún un, ó sì lọ.

Mo ṣí àpòòwé náà lórí tábìlì ìdáná. Ìwé méjì ló wà níbẹ̀, ọwọ́ Nadine ló kọ ọ́. Mo ka ti àkọ́kọ́ dé ìdajì, mo sì dé ibi tó ti kọ pé òun ti lọ gba kíláàsì ìbọn. Mo rò pé àṣìṣe ni. Bébà kan wà lẹ́yìn àwọn ìwé náà tí wọ́n ká ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo tú u. Bébà tí wọ́n ya àwòrán èèyàn sí ni, irú èyí tí a máa ń yìnbọn sí ní ìdánwò. Àárín àyà rẹ̀ ti já wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Wọ́n kọ 241 sí ìsàlẹ̀, nínú 250. Ẹni tó fọwọ́ sí i ni Dub Tackett. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹwàá ni, ọjọ́ Sátidé tí Nadine sọ fún mi pé òun fẹ́ lọ kí àbúrò òun.

N kò ka ìwé kejì. Ìdí rẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí mo bá kà á tán, kò ní sí ọ̀rọ̀ tuntun kankan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ láyé.

Dub Tackett ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìbọn ní ìlú tó wà ní ogójì máìlì sí tiwa. Láti ogún ọdún la ti ń gba ọmọ kíláàsì mọ́ ara wa lọ́wọ́. Mo wa ọkọ̀ lọ bá a. Ó wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń tún ẹnu géètì ṣe.

"Dub, o kọ́ ìyàwó mi."

"Àtọjọ́ ìsìnkú ni mo ti ń retí ẹ."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ó ní tí mo bá sọ ọ́, òun á kọ̀wé sí ìwé ìròyìn nípa gbogbo àṣìṣe tó wà lára pátákó mi. O sì mọ̀ pé ó máa ṣe é."

"Kí ló dé tí kò wá sọ́dọ̀ mi?"

"Royce, ṣé ò ń gbọ́ ohun tí ò ń sọ? Kí ìwọ wá fún un ní máàkì, kẹ́ ẹ sì jọ lọ jẹun alẹ́?"

Mo yíjú sí géètì tó ń tún ṣe.

"Mélòó lo gbà nígbà tìẹ?" Dub ń wò mí lábẹ́ fìlà rẹ̀.

"Ìyẹn kọ́ ló gbé mi wá."

"228. Mo rántí. Èmi ni mo dúró tì ẹ́." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Nígbà tó sinmi, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Ó kàn ń béèrè ìbéèrè ṣáá ni. Nọ́ńbà kẹẹ̀ẹ́dógún ni mí níwájú ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ọ̀dọ̀ àwa tá a fẹ́ òfin náà ni mo wà o, kó o má lọ rò pé mo ti yà."

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Bá mi di ilẹ̀kùn yìí mú."

Aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ìjókòó náà bẹ̀rẹ̀. Mo ti ìbọn mi mọ́nú ọkọ̀, torí pé oṣù kẹjọ kò tíì pé. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n fún mi ní káàdì kan tó ní àpótí mẹ́ta: mo fara mọ́ ọn, mi ò fara mọ́ ọn, mo kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Mo sàmì sí ẹ̀kẹta. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tó bíi mẹ́wàá jókòó sí ìlà kan.

"Olùkọ́!" Clete, ọ̀kan nínú wọn, ń juwọ́ sí mi. "Àyè yín rèé níbí!"

"Màá dúró."

"Ṣé ẹ̀yìn ló tún ń dùn yín ni? Ẹ wá, a máa gbé yín jókòó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò lè rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́jú méjì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan, Dókítà Kessler, ló ṣe alága, iná kékeré mẹ́ta tó ń ka àkókò sì wà níwájú rẹ̀, àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa. Nígbà tí wọ́n pe nọ́ńbà kẹrìnlá, mo lọ síwájú, mo wọ gíláàsì ojú mi.

"Royce Haskew ni mí," ni mo wí. "Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ni mo fẹ́ kà."

Mo gbọ́ tí Clete ní, "Hẹ̀n-ẹ́n?"

"Orúkọ mi ni Nadine Haskew," ni mo kà. "Ọkọ mi ń kọ́ àwọn èèyàn láti yìnbọn, èmi sì ń kọ́ wọn láti kọ̀wé. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí n kò mọ̀, nítorí náà mo lọ gba kíláàsì náà. Mo gba 241. Olùkọ́ mi dára, ó sì ní sùúrù. Ó kọ́ mi ní òfin, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa dúró. Mo bi í bí mo ṣe máa sọ fún ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún pé iṣẹ́ tó fi oṣù kan ṣe kò dára, nígbà tí orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi. Ó ní ìyẹn kò sí nínú ìwé. Ohun tí mo ń ṣe ní Yàrá 208 nìyẹn, lẹ́ẹ̀mọ́kànlá lójúmọ́. Wọ́n ń sunkún. Wọ́n ń bínú. Bí mo bá ní láti máa ro ohun tó wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, màá sọ pé iṣẹ́ náà dára. Ẹ̀yìn ọ̀la ni wọ́n á wá kùnà, níbi tí kò ní sí ẹni tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́."

Iná pupa tàn. Aago kékeré dún.

"Àkókò ti tó, Ọ̀gbẹ́ni Haskew," ni Dókítà Kessler wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Nọ́ńbà kẹẹ̀ẹ́dógún."

Ìwé kejì wà lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Dub ti dìde.

"Dub Tackett, mà. Mo fi ìṣẹ́jú méjì mi fún Nadine."

"Ọ̀gbẹ́ni Tackett, káàdì yín sọ pé ẹ fara mọ́ òfin náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ṣì fara mọ́ ọn. Mo fẹ́ gbọ́ ibi tó parí sí ni."

Alága wo àwọn tó jókòó lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀. Ó tẹ aago, iná àwọ̀ ewé sì tàn. Mo ṣí ìwé kejì. Iwájú gbogbo wọn ni mo ti kọ́kọ́ kà á.

"Ọkọ mi ní èèyàn rere tó gbé ìbọn kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Mo gbà á gbọ́. Mo ti sùn nílé tí ìbọn rẹ̀ wà fún ọdún méjìdínlógójì, mo sì sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ tó bá wọlé, kó tó jókòó sídìí tábìlì, á bọ́ ìbọn rẹ̀, á gbé e sí orí fíríìjì. N kò sọ pé kó ṣe é rí. Ní ọdún kìíní ìgbéyàwó wa, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun ò lè gbé e jókòó síwájú ẹni tí òun fẹ́ bá sọ̀rọ̀ tọkàntọkàn. Ó lè ti gbàgbé. Èmi ò gbàgbé. N kò béèrè gbogbo yunifásítì lọ́wọ́ yín. Tábìlì kan ni mo ń béèrè."

Mo ti gbàgbé lóòótọ́. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé náà. Iná ṣì wà ní àwọ̀ ewé.

"Ṣé ó parí, sà?" ni alága béèrè.

"Ó parí, mà. Òótọ́ ló kọ."

Mo jáde. Clete bá mi níta lẹ́bàá ọkọ̀. Ó di fìlà rẹ̀ mú, kò mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe.

"Olùkọ́, orí fíríìjì?"

"Orí fíríìjì."

"Èmi kì í bọ́ tèmi rárá. Àní nígbà tí mo bá ń kọ́ ọmọ mi ní ìṣirò."

"Ṣé ó ń yé e?"

"Kò yé e rárá, sà."

Ní oṣù kẹrin, ìwé ìgbìmọ̀ jáde. Wọ́n yọ Yàrá 208 sílẹ̀, láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, ní àkókò tí wọ́n bá ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Wọn kò fi ọjọ́ Ẹtì kún un, n kò mọ ìdí rẹ̀. Marisela ti ń kọ lẹ́tà sí wọn lórí ọjọ́ Ẹtì. Ọkùnrin méjì yọ orúkọ wọn kúrò ní kíláàsì mi, wọ́n lọ sọ́dọ̀ Dub. Dub fi fóònù pè mí, ó ní òun ti bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo ń bi àwọn ọmọ kíláàsì mi báyìí, wọ́n sì ti bínú kúrò lọ́dọ̀ òun náà.

Àwọn ohun tí Nadine fi sílẹ̀ rèé:

Gíláàsì ojú méjì, wáyà ni wọ́n fi so apá ọ̀kan.

Búrọ́ọ̀ṣì irun rẹ̀.

Pẹ́ńnì pupa mẹ́rìnlá. Mẹ́sàn-án ti gbẹ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Marisela kọ, tí yíǹkì pupa bò. Mo ti dá a padà fún un.

Súwẹ́tà àwọ̀ ewé kan tó wà lẹ́yìn àga ní ìdáná. N kò tíì gbé e kúrò.

Àwo gíláàsì mẹ́ta tí orúkọ ti bọ́ kúrò ní ìdí wọn, tí n kò mọ ẹni tó ni wọ́n.

Bébà àwòrán tí wọ́n kọ 241 sí, tí mo kàn mọ́ ògiri kíláàsì mi. Àwọn tuntun máa ń béèrè ọkùnrin tó yìnbọn sí i.

Àga méjì ní Yàrá 208. Orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

Ìbéèrè kan, tí mo ń bi gbogbo àwọn tó bá wá ní Sátidé kí n tó fọwọ́ sí ìwé wọn: níbo lẹ ó ti máa bọ́ ìbọn yín sílẹ̀, nítorí ta sì ni?