Yìnyín Ilé Marcellin

Ẹ má bá mi pe ọkọ mi ní Baba Òkè mọ́. Èmi ni mo bí Òkè fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó fi ojú mi rí ti gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Marcellin lásán ni.

Dàhòmì la ṣì ń jẹ́ nígbà náà, iná ìjọba kò sì tíì dé Adja-Ouèrè, ìlú wa. Ìyá mi fi oko ọ̀pẹ sílẹ̀ fún mi ní Oko-Akarè. Ọkọ mi wó gbogbo rẹ̀ lulẹ̀, ó gba ẹmu inú wọn, ó fi se sódàbì, ọtí líle, tà, ó sì fi èrè rẹ̀ ra ẹ̀rọ amúnáwá àti kílímà, àpótí tó ń mú yàrá tutù. Mo sunkún títí. Ó ní, "Ẹfúnwùmí, ṣebí ìwọ náà lo máa sùn nínú òtútù." Mo gbà, mo nu ojú nù. Òmùgọ̀ ni mí!

Nígbà tó yá, kílímà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ooru. Augustin tó ń tún un ṣe wá láti Àjàṣẹ́. Marcellin ti lọ wó ọ̀pẹ ọlọ́pẹ ní Kpoulou, èmi nìkan ló bá nílé. Ó fi gáàsì kún un, ó ní, "Ìyá Òkè, gáàsì yìí kì í jó tán bí epo àtùpà. Bó bá dín, á jẹ́ pé ó ń jò ni. Mo ti dí ojú kan, ó ku ibì kan tí n kò tíì rí. Bí ẹ bá rí yìnyín lára tíyò bàbà, ọ̀pá oníhò tí gáàsì ń gbà kọjá nínú rẹ̀, àìsàn ni o. Ẹ pa á, kí ẹ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má fi irin kàn án. Ẹ bá mi sọ fún baálé yín."

Mo ní màá sọ. Mo sì fẹ́ sọ ọ́, ẹ gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Marcellin súfèé wọlé. Kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ Cécile, ọmọ oníṣòwò kan ní Àjàṣẹ́. Ó ní ọmọ náà kò lè gbé inú ooru, kí n kó ẹrù mi kúrò ní yàrá kílímà lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Háà! Orí ọ̀pẹ ìyá mi ni orogún mi yóò máa sùn! Ọ̀rọ̀ Augustin ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.

Kò pẹ́ tí yìnyín fi yọ lára tíyò. Marcellin ké pe aládùúgbò: "Ẹ wá wò ó! Kílímà mi lágbára débi pé ó ń so yìnyín!" Mo bá wọn pàtẹ́wọ́. Ó fi pákó kan fèrèsé pa kí òtútù má baà jáde, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn àna tuntun pé yìnyín ilé òun ni wọn yóò fi mu ọtí. Èmi ní tèmi, mo pọ́n ọ̀bẹ.

Ọjọ́ tí àwọn àna yóò wá pé, oòrùn mú ganrínganrín. Cécile àti baba rẹ̀ jókòó, Marcellin sì ṣí ojú kílímà. "Ìyá Òkè, ọ̀bẹ!" Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó gún yìnyín náà kó lè fọ́ ọ sínú ife, ọ̀bẹ sì wọ inú tíyò.

Fíìììì! Gáàsì tú jáde, epo ta sí aṣọ funfun Cécile. Láìpẹ́, ooru ni kílímà ń fẹ́ lé gbogbo wa lójú. Baba Cécile fa fèrèsé, kò ṣí. Òógùn bò ó. "Marcellin, inú ààrò yìí ni ọmọ mi máa gbé?" Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó di inú mọ́tò. Marcellin sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń bẹ̀bẹ̀, eruku ló kù fún un. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

Ó padà wọlé, ó wó jókòó sílẹ̀. "Ẹfúnwùmí, jọ̀ọ́, bá mi mú abẹ̀bẹ̀."

Mo mú un wá. Mo ní, "Ọjọ́ tí o wó ọ̀pẹ ìyá mi ni mo ṣa imọ̀ rẹ̀ tí mo fi hun ún. Òun nìkan ló kù."

Ó na ọwọ́. Mo jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ara mi.