Ọwọ́ Bọ̀dá Onígbàjámọ̀

Bí ẹ bá rí ẹni tó ní òun ò mọ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, ẹ bá mi wo irun orí onítọ̀hún, ìyá rẹ̀ ló ń gẹ̀ ẹ́ nílé. Onígbàjámọ̀ ni Bọ̀dá. Bí eṣinṣin bá ṣèèṣì bà lé orí oníbàárà rẹ̀, yóò ti fá irun eṣinṣin náà kó tó rántí fò. Èmi aránbàtà ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Pákó kan ṣoṣo ló wà láàrin wa, ihò sì wà lára pákó náà tí òórùn páúdà rẹ̀ ń gbà wọlé wá bá gọ́ọ̀mù mi jà. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn páúdà lára ọmọ ọwọ́, ojú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wá Bọ̀dá kiri.

Ìgbéraga kan ló ní nídìí iṣẹ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ kì í kan orí oníbàárà. Kílípà nìkan ló ń kan irun, ọwọ́ fúnra rẹ̀ á wà lófuurufú bí àṣá tó ń wo òròmọdìẹ.

"Orí èèyàn kì í ṣe tábìlì," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Onígbàjámọ̀ tó bá ń fara ti orí, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Kó lọ sùn."

Ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́, Sìsí, kò sí ohun tí kì í gbàdúrà sí. Kọ́kọ́rọ́ há, àdúrà. Bọ́tìnì já sọnù, àdúrà. Lọ́jọ́ kan tí òjò pa ìṣáná, ó gbàdúrà lé e débi pé àwọn ìṣáná tí kò tíì kúrò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n pàápàá ṣe àmín. Ó ṣá a, ó tàn. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì.

"Ìyàwó, ṣé o ò lè jẹ́ kí Ọlọ́run sinmi ni? Ẹni tó wà lọ́run, o ń pè É wá sídìí ìṣáná."

"Ta ló sọ fún yín pé Ó ń sinmi?" Sìsí dá a lóhùn. "Bí mi ò bá bá A sọ ti ìṣáná, níbo ni mo ti fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá A sọ ti ikú?"

Èmi náà á gbè lẹ́yìn àna mi. Ta ni mo fẹ́ gbè lẹ́yìn rẹ̀, èmi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ní ká dijú báyìí, oorun dé? Àmín ló ń jí mi.

Ọdún tí òjò pọ̀ yẹn ni ọwọ́ ọ̀tún Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó kọ́kọ́ ń ṣe é bíńtín, bí ewé tí atẹ́gùn kí. Nígbà tó yá, bó bá gbé ife tíì, gbogbo wa la jọ ń mu ún: aṣọ á mu, ilẹ̀ á mu, ológbò ilé kejì á mu, kó tó wá kan ẹlẹ́nu. Dókítà wò ó, ó ní iṣan ni, kò sí oògùn tí yóò lé e lọ pátápátá, kó máa sinmi.

"Bí mo bá ń sinmi," Bọ̀dá bi í, "ta ni yóò máa bá mi wá owó oúnjẹ?"

Ó ń ki ọwọ́ bọ àpò, ó ń fi tìkanra-tìkanra ṣiṣẹ́, títí ọ̀gá ilé-ìwé kan fi wá jókòó pé kó bá òun tún irùngbọ̀n ṣe. Ọwọ́ gbọ̀n lófuurufú, abẹ sáré lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Kó tó di pé wọ́n gbé dígí wá, ọ̀gá ti di ẹni méjì. Bẹ́ ẹ bá wò ó láti ọ̀tún, bàbá àgbà ni. Bẹ́ ẹ bá wò ó láti òsì, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni. Ọ̀gá náà ò bínú. Ó dìde, ó fọwọ́ kan Bọ̀dá léjìká, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá."

Ẹ pẹ̀lẹ́ yẹn ló pa ṣọ́ọ̀bù náà. Ká ní ó bú u ni, à bá rí nǹkan fi ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́sẹ̀ náà, fìlà pọ̀ ládùúgbò wa ju orí lọ. Àwọn oníbàárà á dé e bojú, wọ́n á gba òdìkejì títì kọjá. Èmi tí mo ti máa ń pariwo pé àlùmọ́gàjí Bọ̀dá ò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn òòlù mi, mo wá ń tẹ́tí sí ihò pákó, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Kò pẹ́, Bọ̀dá ní òun ti ránṣẹ́ sí Alálòkù tó ń ra nǹkan àtijọ́ kiri pé kó wá gbé àga lọ. Àga onírin tó ń yí po yẹn, òun ni ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá gbé e lọ, iṣẹ́ ti tán nìyẹn, ọkùnrin náà ò sì mọ òmíràn. Mo wo Sìsí pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ó jókòó.

"Mo ti sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n sọ fún Un," ó ní. "Bóyá ti ìṣáná nìkan ni ẹnu mi ká."

Bọ̀dá tó yẹ kó rẹ́rìn-ín, kò rín in. Ìyẹn dẹ́rù bà mí ju ti ọwọ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Alálòkù ń bọ̀, Sìsí kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó pe orúkọ tí wọ́n fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Orí-Àgbá, wá jókòó."

"Síbo?"

"Sórí àga. Irun rẹ ti kún."

"Sìsí, àbúrò ọkùnrin kan péré lẹ ní láyé, ẹ wá fẹ́ kó máa rìn kiri láìní etí?"

"Etí tó o ní náà, kí lo ti fi gbọ́ rí?"

Mo jókòó. Kí ẹ lè mọ ohun tí mo fi tọrẹ lọ́jọ́ náà, orí mi yìí tóbi débi pé òjò kì í pa èjìká mi. Bọ̀dá mú kílípà. Kílípà ń jó lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ ìlù. Ó jù ú sórí tábìlì.

"Mi ò ṣe. N ò ní í fi àna mi dánra wò."

"Ẹ kọ́kọ́ gbàdúrà fún un ná," Sìsí wí.

"Èmi?"

"Mo ti gbàdúrà fún ọwọ́ yẹn títí ẹnu mi fi gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ náà gba àdúrà tirẹ̀. Ẹ gbé e lé e lórí."

"Ìyàwó, ọwọ́ mi kì í kan orí oníbàárà."

"Kì í ṣe oníbàárà. Kì í sanwó."

Ó gbé e lé mi. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n lórí mi bí adìẹ inú agbọ̀n. Kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Ọlọ́run," ó ní, "àna mi rè é. Orí rẹ̀ tóbi, àmọ́ Ìwọ lo dá a bẹ́ẹ̀, mi ò bá Ọ jà. Má jẹ́ kí n ṣe é léṣe." Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. "Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn, Bàbá. Mi ò mọ òmíràn."

Ẹ̀rín ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi, ó padà. Ọwọ́ náà sọ gbogbo ìwúwo rẹ̀ kalẹ̀ lé mi lórí, bí ẹni tó ti rìn jìnnà tó rí ibi jókòó. Oorun tí kì í yẹ̀ lójú mi nígbà àdúrà, kò wá.

"Bọ̀dá," mo ní, "ó ti dákẹ́."

"Kí ló dákẹ́?"

"Ọwọ́ yín."

Ó gbé e sókè, ó gbọ̀n. Ó gbé e padà lé mi, ó dúró jẹ́ẹ́. Ó gbé e sókè, ó gbé e kalẹ̀, bí ọmọdé tó rí ibi tí wọ́n ti ń tan iná.

Sìsí ti kílípà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ má gbé e sókè mọ́. Ibẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Ó fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ àti ọmọ-ìka ti orí mi, ó ń gẹ̀ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ o. Ọmọ tí wọ́n lóyún rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ti lè ka ìwé kó tó dé ìpàkọ́. Àmọ́ nígbà tí mo fọwọ́ wá etí mi, méjèèjì wà níbẹ̀.

Alálòkù ti gbé ọmọlanke dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé àga yìí ni?"

"Ẹ jókòó ná," Bọ̀dá dá a lóhùn, "ẹ̀yìn ọrùn ló kù."

Nígbà tó kàn án, Alálòkù fúnra rẹ̀ ṣí fìlà, ó gorí àga. Bọ̀dá gbé ọwọ́ lé e, ó gbàdúrà fún ọ̀nà rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀. Òfìfo ni ọmọlanke bá padà lọ, ẹni tó ń tì í sì ń dán lórí bí àwo.

Ọwọ́ yẹn ò yé gbọ̀n títí Bọ̀dá fi fi ayé sílẹ̀. Orí èèyàn nìkan ló ti ń sinmi. Kò sì sí bí yóò ṣe balẹ̀ bí kò bá kọ́kọ́ gbàdúrà, nítorí náà gbogbo orí ló gba tirẹ̀: awakọ̀, ọkọ ìyàwó, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan tí kò ní irun kankan mọ́ ń wá jókòó. Nínú ihò pákó ni mo ti ń gbọ́ ọ, èmi náà á sì rọra ṣe àmín pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu.

Mo bi Sìsí nígbà kan bóyá bó ṣe tọrọ rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí ọwọ́ ò san.

"Iṣẹ́ ni mo ní kí Ó má gbà lọ́wọ́ wa," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ọwọ́, Òun ló mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Ọkọ mi ò gbàdúrà rí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n."

Fóònù ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá báyìí. Ọmọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ iná ṣiṣẹ́ ló ń gẹrun mi nísàlẹ̀ àdúgbò, ọwọ́ rẹ̀ yá, kì í kan orí ẹni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, mo jókòó, mo dijú, mo ń dúró.

"Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ ti sùn ni?"

Mo ní rárá, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Mo gbàdúrà fún un nínú lọ́hùn-ún, fún òun àti ọwọ́ rẹ̀, mi ò sì la ojú títí ó fi ní ó ti tán.